Awakọ̀ Òfúrufú Ojú Omi Nígbà Tí Kò Bá Fò: Ipa Ọ̀nà Iṣẹ́ àti Ojúṣe Lẹ́yìn Fífò

Ẹ̀ka òfúrufú ọmọ ogun ojú omi ni apá kan nínú iléeṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi tó ń fi bàálù, hẹlikọ́pítà àti ọkọ̀ òfúrufú aláìláwakọ̀ ṣiṣẹ́ lórí òkun. Kì í ṣe ọmọ ogun òfúrufú. Ọmọ ogun òfúrufú ní pápákọ̀ tirẹ̀ lórí ilẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ń gbéra, ibẹ̀ ló sì ń padà sí. Ní ti ojú omi, dẹ́ẹ̀kì ọkọ̀ tí ìgbì ń mì ni pápá, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ sì jẹ́ atukọ̀ kí wọ́n tó jẹ́ awabàálù. Ìyàtọ̀ yìí ló ń darí ìrìn wọn lẹ́nu iṣẹ́ láti ọjọ́ tí wọ́n bá wọlé títí dọjọ́ ìfẹ̀yìntì. Awakọ̀ òfúrufú tó wà lábẹ́ ọmọ ogun ojú omi kò lè fi gbogbo ayé rẹ̀ fò. Ó gbọ́dọ̀ mọ ọkọ̀ ojú omi, kó mọ bí wọ́n ṣe ń darí rẹ̀, nítorí pé lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá tó ń tukọ̀ ni yóò ti gba ìgbéga.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kọkànlá ọdún 1910, ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Eugene Ely fi bàálù gbéra láti orí ọkọ̀ ogun USS Birmingham. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kìíní ọdún 1911, ó tún balẹ̀ sórí USS Pennsylvania ní San Francisco. Orúkọ Ely nìkan ni ìtàn ń dá. Àmọ́ kí bàálù rẹ̀ tó lè dúró lórí pákó tí wọ́n tẹ́ sórí ọkọ̀ náà, àwọn kan ti na okùn kọjá lójú pákó, wọ́n sì so àpò iyanrìn mọ́ etí okùn kọ̀ọ̀kan, kí ìkọ́ abẹ́ bàálù lè há mọ́ ọn. Àwọn tó di àpò iyanrìn yẹn kò fò rárá, ṣùgbọ́n bí kì í bá ṣe tiwọn ni, ọ̀tọ̀ ni ibi tí Ely ì bá balẹ̀ sí. Láti ọjọ́ náà wá, ní gbogbo orílẹ̀-èdè tó ní irú ẹ̀ka yìí, àwọn tí kì í fò ló pọ̀ jù. Ohun mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀: àwọn tó ń fò gan-an máa ń lo ọ̀pọ̀ ọdún nínú iṣẹ́ wọn níbi tí wọn kò ti fọwọ́ kan bàálù.

Benin, Nàìjíríà àti agbami tó pa wọ́n pọ̀

Etíkun Benin kò gùn. Nǹkan bí 121 kìlómítà ni láti ẹnubodè Tógò dé ti Nàìjíríà. Kútọnu ni ibùdó ọmọ ogun ojú omi rẹ̀, ọkọ̀ ìṣọ́ ni wọ́n sì ń lò; bàálù àti hẹlikọ́pítà tí ìjọba ní wà lábẹ́ ọmọ ogun òfúrufú. Nítorí náà, kò sí ọ̀dọ́ Benin kan tó lè wọ ẹ̀ka òfúrufú ojú omi nílé, nítorí pé ẹ̀ka náà kò tíì sí. Èyí kò sọ pé iṣẹ́ náà kò kàn án. Ní ọdún 2010, àjọ tó ń ka ìkọlù àwọn olè orí òkun kárí ayé kò kọ ìkankan sílẹ̀ fún omi Benin. Ní ọdún 2011, wọ́n kọ 20. Ọkọ̀ ńlá tó ń gbé epo ni àwọn olè náà ń lé kiri, owó èbúté Kútọnu sì bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2011 ni Benin àti Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ìṣọ́ àjùmọ̀ṣe tí wọ́n pè ní Operation Prosperity. Ọkọ̀ ojú omi kì í ríran jìnnà. Ẹni tó wà lójú òfúrufú ló ń rí ọkọ̀ kékeré tó pa iná rẹ̀, tó sì ń tẹ̀lé ọkọ̀ epo lẹ́yìn.

Nàìjíríà tó wà ní ìlà-oòrùn Benin ni aládùúgbò tó ní ẹ̀ka náà. Ìtàn rẹ̀ ṣe pàtàkì fún ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé ó fi hàn gbangba ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí awakọ̀ òfúrufú nígbà tí bàálù kò bá tó nǹkan. Ní ọdún 1982 ni ọmọ ogun ojú omi Nàìjíríà gba NNS Aradu, ọkọ̀ ogun tí iléeṣẹ́ Blohm + Voss kàn ní Hamburg ní Jámánì. Ọkọ̀ náà ní dẹ́ẹ̀kì hẹlikọ́pítà lẹ́yìn, ó sì ní yàrá tí wọ́n ń tì í sí. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe ra hẹlikọ́pítà Lynx mẹ́ta láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n sì dá 101 Squadron sílẹ̀ ní àárín àwọn ọdún 1980, ní Navy Town, Ọ̀jọ́, nílùú Èkó. Ènìyàn méjì ló ń jókòó sí iwájú Lynx: awakọ̀, àti ọ́físà tó ń wo réda tó sì ń darí ìjà. Ẹni kejì yìí kì í wa hẹlikọ́pítà, ṣùgbọ́n òun náà jẹ́ ọmọ ẹ̀ka òfúrufú ní kíkún, ó sì lè di ọ̀gá ikọ̀.

Hẹlikọ́pítà mẹ́ta kò tó nǹkan. Bí ọ̀kan bá wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, tí èkejì sì ń retí ẹ̀yà ẹ̀rọ láti òkè òkun, ọ̀kan ṣoṣo ló kù tí gbogbo awakọ̀ yóò máa pín. Nígbà tó yá, àwọn Lynx náà kò fò mọ́. Hẹlikọ́pítà A109 tí wọ́n ṣe ní Ítálì ló rọ́pò wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, ní ọdún 2024 sì ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fi àwọn AW109 Trekker tuntun lé ọmọ ogun ojú omi lọ́wọ́. Láàárín àkókò náà, ọkọ̀ tó ní dẹ́ẹ̀kì hẹlikọ́pítà ti pọ̀ sí i: NNS Thunder àti NNS Okpabana, tí méjèèjì jẹ́ ọkọ̀ ìṣọ́ etíkun Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀, NNS Centenary àti NNS Unity tí wọ́n kàn ní Ṣáínà, àti NNS Kada tó dé Èkó ní ọdún 2022.

Ohun tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fà yọ nínú ìtàn yìí ni pé nínú iléeṣẹ́ ológun tí bàálù rẹ̀ kò pọ̀, iṣẹ́ tí kò gba fífò kì í ṣe ìyà, kì í sì ṣe àyè tí wọ́n ń fi ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò mọ́ sí. Òun ni èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ọ́físà tó bá ka ara rẹ̀ sí awakọ̀ nìkan yóò rí i pé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń ṣọ́ ọkọ̀ lóru, tó ń kọ́ ìṣirò epo, tó ń lọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá, ti gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń wọlé

Jíjìnnà sí òkun kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ṣábẹ̀ẹ́, tí ìwé ìjọba ń pè ní Savè, ju 200 kìlómítà lọ sí Kútọnu, ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ girama àwọn ológun tó gbajúmọ̀ jù ní Benin, Prytanée militaire, wà ní Bembèrèkè tó tún jìnnà sí òkun ju Ṣábẹ̀ẹ́ lọ. Ti àwọn ọmọbìnrin wà ní Natitingou. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọ́físà wà ní Toffo. Ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ di ọ́físà ojú omi yóò sábà lọ kẹ́kọ̀ọ́ sí i ní òkè òkun, ní École navale ní Faransé tàbí ní École royale navale ní Casablanca, nítorí pé orílẹ̀-èdè kékeré kì í dá irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún ènìyàn díẹ̀. Ní Nàìjíríà, NDA, ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn ọ́físà ológun tó wà ní Kàdúná láti ọdún 1964, ni ọ̀nà tó tọ́ jù lọ fún ọ́físà. Àwọn tó ti gba oyè yunifásítì tẹ́lẹ̀ sì ní ọ̀nà kúkúrú tiwọn.

Ọ̀nà méjì ló pín lẹ́yìn ẹnu ọ̀nà. Ọ́físà ló ń di awakọ̀ tàbí aṣọ́réda ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Àwọn tí kì í ṣe ọ́físà, àwọn tí ọmọ ogun ojú omi ń pè ní rétìn, ló ń di mẹkáníìkì, onímọ̀ iná bàálù, olùtọ́jú ohun ìjà, olùdarí dẹ́ẹ̀kì àti panápaná. Kí ẹni tó gba ìwé mẹ́wàá má rò pé ọ̀nà kejì yìí kéré. Mẹkáníìkì tó bá ti lo ọdún 15 nídìí ẹ́ńjìnnì kan náà ni ọ́físà tuntun máa ń bi léèrè bóyá bàálù lè gbéra lónìí. Bí ó bá ní rárá, kò sí ọ̀gá tó gbọ́n tí yóò fi agbára mú un. Ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè di ọ́físà láì tún ilé ẹ̀kọ́ ọ́físà ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Ìmọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń fi gbé e ga.

Láti báàjì ìyẹ́ dé orí àga ọ̀gá ọkọ̀

Amẹ́ríkà ni ìlànà ìgbéga rẹ̀ hàn kedere jù lọ, nítorí pé iye bàálù àti ènìyàn tó ní mú kó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ní ìpele-ìpele. Àwọn mìíràn ń gé e kúrú tàbí ń fà á gùn, ṣùgbọ́n egungun rẹ̀ kan náà ni.

Ọ́físà tuntun yóò kọ́kọ́ lọ sí Pensacola ní Florida, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn awakọ̀ òfúrufú ojú omi láti ọdún 1914. Nǹkan bí ọdún méjì ni ẹ̀kọ́ fífò, kó tó gba báàjì ìyẹ́ onígóòlù. Ọjọ́ tó bá gba ìyẹ́ náà ni àdéhùn rẹ̀ pẹ̀lú ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í ka: ọdún mẹ́jọ fún àwọn awakọ̀, mẹ́fà fún àwọn ọ́físà tí kì í wa bàálù ṣùgbọ́n tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni yóò lọ kọ́ irú bàálù kan pàtó, kó tó dara pọ̀ mọ́ ikọ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀ fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta. Èyí ni sáà tí ọ̀dọ́ awakọ̀ ń fò jù. Síbẹ̀, nínú ikọ̀ yìí pàápàá, iṣẹ́ ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni yóò máa ṣètò àkókò fífò, òmíràn ni yóò máa bójú tó ìwé ìtọ́jú bàálù, òmíràn ni ọ̀rọ̀ àwọn rétìn tó ní ìṣòro nílé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Awakọ̀ ọmọ ọdún 26 tó ní ọgbọ̀n ènìyàn lábẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ohun tuntun.

Sáà kejì wà lórí ilẹ̀. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáṣá lè padà sí Pensacola tàbí Texas láti kọ́ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹlòmíràn ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga ọmọ ogun ojú omi ní Monterey láti gba oyè kejì. Àwọn díẹ̀ ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn tó ń dán bàálù tuntun wò ní Patuxent River, tó ti wà láti ọdún 1945. Ọ̀kan lára àwọn tó gba ibẹ̀ kọjá ni Alan Shepard, ará Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tó dé gbalasa òfúrufú, ní ọdún 1961.

Sáà kẹta ni ọ̀pọ̀ awakọ̀ ń bẹ̀rù. Wọ́n á dá a padà sórí omi, ṣùgbọ́n wọn kò ní fún un ní bàálù. Nǹkan bí ọdún méjì ni yóò fi jẹ́ ara àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀, tàbí ti ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà tó ń darí ọ̀wọ́ ọkọ̀. Ó lè jẹ́ ìgbákejì ẹni tó ń wo ìwé òkun. Ó lè jẹ́ ẹni tó jókòó nínú yàrá tó ṣókùnkùn tó ń pinnu irú ọkọ̀ tí àmì réda kan jẹ́. Ó lè jẹ́ ọ́físà tó ń ta bàálù àwọn ẹlòmíràn sókè nígbà tí òun dúró sílẹ̀. Ìkùnsínú máa ń wà: ẹni tó fi ọdún méjì kọ́ fífò, tó fi mẹ́ta ṣe é, ni wọ́n wá ní kó máa ka ìrìn ọkọ̀ lóru. Àmọ́ ìdí rẹ̀ kò fara sin. Ẹni tí yóò bá pàṣẹ fún ọkọ̀ ní ọjọ́ iwájú kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó mọ dẹ́ẹ̀kì láti òkè nìkan.

Lẹ́yìn sáà yìí ni ìgbìmọ̀ yóò yan àwọn tí yóò padà sínú ikọ̀ gẹ́gẹ́ bí olórí ẹ̀ka. Níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń já sọ́nà. Àwọn tó bá là á kọjá lè di ìgbákejì ọ̀gá ikọ̀, kí wọ́n sì rọ́pò ọ̀gá náà nígbà tó bá lọ. Ọ̀nà tó ga jù lọ ni ti ọkọ̀ agbébàálù. Òfin Amẹ́ríkà, tó ti wà láti ọdún 1926, sọ pé ẹni tó bá fẹ́ pàṣẹ ọkọ̀ agbébàálù gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ẹ̀ka òfúrufú. Nítorí pé agbára átọ́míìkì ni gbogbo ọkọ̀ agbébàálù 11 tí Amẹ́ríkà ní ń lò, ọ́físà náà yóò padà sí kíláàsì ní ọjọ́ orí tó ti ju 40 lọ láti kọ́ bí ẹ̀rọ átọ́míìkì ṣe ń ṣiṣẹ́. Nígbà tó bá fi jókòó sórí àga ọ̀gá ọkọ̀, tí ènìyàn bí 5,000 wà lábẹ́ rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe fífò mọ́.

Orí dẹ́ẹ̀kì

Kò sí ibi tí iṣẹ́ àwọn tí kò fò ti hàn bí orí dẹ́ẹ̀kì ọkọ̀ agbébàálù. Ariwo ẹ́ńjìnnì kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ohùn ẹnìkejì, nítorí náà àwọ̀ aṣọ àti ọwọ́ ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Aláṣọ òféefèé ló ń darí ibi tí bàálù yóò yà sí. Aláṣọ aláwọ̀ ewé ló ń bójú tó ẹ̀rọ tó ń ta bàálù sókè àti okùn irin tó ń dá a dúró. Aláṣọ pupa ń gbé bọ́ǹbù àti ọta, òun náà ló sì ń pa iná. Aláṣọ elésè-àlùkò ló ń fa epo. Aláṣọ búlúù ń fi tírákítọ̀ fa bàálù, ó sì ń fi ṣéènì dè é mọ́lẹ̀. Aláṣọ bíráùn ni olùtọ́jú bàálù kan pàtó. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ ọmọ ọdún 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, òun sì ló ń fi bàálù náà lé awakọ̀ lọ́wọ́ láàárọ̀, tó ń gbà á padà lálẹ́. Aláṣọ funfun ń ṣọ́ ààbò, dókítà sì wà lára wọn.

Ọ́físà tó ń ta bàálù sókè jẹ́ awakọ̀ òfúrufú tó wà ní sáà àìfò. Ẹ̀rọ rẹ̀ ń ju bàálù tó wúwo ju 20 tọ́ọ̀nù lọ síwájú bí ìgbà tí ọmọdé fi kànnàkànnà ta òkúta, láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì sí mẹ́ta. Òun ló ń rí i dájú pé agbára tí wọ́n fún ẹ̀rọ náà bá ìwọ̀n bàálù mu. Bí ó bá kéré, bàálù á ṣubú sómi. Bí ó bá pọ̀ jù, ó lè fa kẹ̀kẹ́ iwájú ya. Ìdí tí wọ́n fi ń fi awakọ̀ síbẹ̀ ni pé ó mọ ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó jókòó sínú bàálù náà. Òmíràn dúró sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, ó ń fi rédíò bá àwọn tó ń balẹ̀ sọ̀rọ̀, ó sì ń fún bíbalẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní máàkì. Máàkì náà kì í ṣe àṣírí: ara pátákó ni wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ní yàrá ikọ̀, kí gbogbo ènìyàn rí i. Bí ìtìjú bá ń kọ́ni lọ́gbọ́n, ibẹ̀ ni. Lókè, nínú yàrá onígíláàsì, ni ọ̀gá tí gbogbo wọn ń pè ní Air Boss wà. Òun náà ti fò rí; ní báyìí, kò sí ohun tó ń rìn lórí dẹ́ẹ̀kì tàbí nítòsí ọkọ̀ lójú òfúrufú tí kò gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lórí ọkọ̀ kékeré irú èyí tí Nàìjíríà ní, gbogbo iṣẹ́ yìí ń bọ́ sọ́wọ́ ènìyàn díẹ̀. Nínú ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ọmọ ogun ojú omi Nàìjíríà jogún, awakọ̀ kan, aṣọ́réda kan àti mẹkáníìkì díẹ̀ ló ń bá hẹlikọ́pítà kan lọ sórí ọkọ̀. Ọ́físà dẹ́ẹ̀kì kan ló ń fi ọ̀pá aláwọ̀ darí rẹ̀ balẹ̀. Òṣìṣẹ́ ọkọ̀ kan náà tó ń dáná lọ́sàn-án lè wà lára àwọn tó wọ aṣọ panápaná nírọ̀lẹ́ nígbà tí hẹlikọ́pítà bá ń bọ̀. Wọn kò pọ̀ tó àwọn tí yóò máa wọ aṣọ aláràbarà. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ kan ṣoṣo kì í wúlò lórí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọ́fíìsì, kíláàsì àti yàrá ìṣọ́

Ẹni tó ń ṣèwádìí jàǹbá bàálù wà lára àwọn tí iṣẹ́ wọn ṣe kókó jù lórí ilẹ̀. Ní gbogbo ikọ̀ Amẹ́ríkà, ọ́físà ààbò kan wà tí wọ́n ti rán lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní Pensacola láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka irin tó já, bí wọ́n ṣe ń bi ẹlẹ́rìí léèrè ọ̀rọ̀, bí wọ́n ṣe ń ya àṣìṣe ènìyàn sọ́tọ̀ kúrò lára àṣìṣe ẹ̀rọ. Ìwádìí rẹ̀ kì í ṣe ti kóòtù. Ohun tí awakọ̀ bá sọ fún un, wọn kì í fi jẹ ẹ́ níyà, kí ó lè sọ òótọ́. Ìlànà yìí ṣòro fún àwọn ológun tó bá mọ̀ pé ẹni tó ṣẹ̀ gbọ́dọ̀ jìyà, ṣùgbọ́n òun ló ń gba ẹ̀mí là.

Àwọn kan yàn láti fi ìtọ́jú bàálù ṣe iṣẹ́ ayé wọn gẹ́gẹ́ bí ọ́físà, wọn kò sì fò rí. Àwọn ni ń ra ẹ̀yà ẹ̀rọ, tí ń ka iye wákàtí tó kù fún ẹ́ńjìnnì, tí ń sọ fún ọ̀gá àgbà pé bàálù mẹ́rin ló wà nínú ìwé ṣùgbọ́n méjì ló lè gbéra. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Lynx ní Ọ̀jọ́ fi hàn pé ẹ̀ka tí kò bá fi irú àwọn ènìyàn yìí ṣáájú yóò ní báàjì ìyẹ́ púpọ̀, kò sì ní ní ohun tí yóò fò. Àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́, àwọn olùdarí ìrìnnà òfúrufú àti àwọn dókítà òfúrufú náà wà níbẹ̀.

Iṣẹ́ yàrá ìṣọ́ ni èyí tó súnmọ́ ará Benin jù. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2013, àwọn olórí orílẹ̀-èdè ìwọ̀-oòrùn àti àárín Áfíríkà fọwọ́ sí àdéhùn Yaoundé lórí ààbò òkun. Wọ́n pín omi sí agbègbè-agbègbè. Benin, Nàìjíríà, Tógò àti Niger wà ní agbègbè E, tí ibùdó ìṣọ́ rẹ̀ wà ní Kútọnu. Ibùdó gbogbo ìwọ̀-oòrùn wà ní Abidjan. Ti àpapọ̀ wà ní Yaoundé. Niger kò ní òkun rárá, síbẹ̀ ó wà nínú rẹ̀, nítorí pé ẹrù rẹ̀ ń gba èbúté Kútọnu kọjá. Nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀, ọ́físà tó mọ iṣẹ́ òfúrufú níye lórí gan-an. Bí ìròyìn bá dé pé ọkọ̀ kan ń ṣe ohun tó mú ìfura wá ní òkèèrè, òun ló lè sọ bóyá hẹlikọ́pítà tó wà nítòsí lè dé ibẹ̀ kí epo rẹ̀ tó tán, àti bóyá yóò rí nǹkan kan nínú ọyẹ́ oṣù Kìíní. Ilé ẹ̀kọ́ kan wà ní Abidjan láti ọdún 2015, ISMI, tó ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ òkun láti orílẹ̀-èdè wọ̀nyí, ológun àti aráàlú pọ̀.

Ọkọ̀ òfúrufú aláìláwakọ̀ ti ń da ìlà tó wà láàárín ẹni tó ń fò àti ẹni tí kò fò rú. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà ọdún 2021 ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ Deep Blue ní Èkó lábẹ́ NIMASA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìrìnnà ojú omi: bàálù ìṣọ́ méjì, hẹlikọ́pítà mẹ́ta, ọkọ̀ òfúrufú aláìláwakọ̀ mẹ́rin, pẹ̀lú ọkọ̀ ojú omi àti ọkọ̀ ilẹ̀. Láwọn ọdún kan náà, Amẹ́ríkà dá ipò tuntun sílẹ̀ fún àwọn tí yóò máa darí MQ-25, bàálù aláìláwakọ̀ tó ń gbé epo fún bàálù mìíràn lójú òfúrufú. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ jókòó sórí àga nínú yàrá, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nílẹ̀, síbẹ̀ ọmọ ẹ̀ka òfúrufú ni. Fún orílẹ̀-èdè tí owó rẹ̀ kò ká hẹlikọ́pítà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀nà yìí ni ẹ̀ka òfúrufú ojú omi yóò gbà bẹ̀rẹ̀.

Owó, ìwé fífò àti ìlera

Ọgbọ́n fífò ń ṣá bí wọn kò bá lò ó. Awakọ̀ tó bá ti pẹ́ ní ọ́fíìsì yóò padà sí ilé ẹ̀kọ́, níwájú olùkọ́ tó kéré sí i lọ́jọ́ orí, kí wọ́n tó gbà á láyè láti tún gbé bàálù. Ní orílẹ̀-èdè tó ní bàálù púpọ̀, èyí jẹ́ ọ̀rọ̀ oṣù díẹ̀. Níbi tí hẹlikọ́pítà kò tó, ó lè gba àkókò tó gùn ju sáà ọ́fíìsì náà lọ, nítorí pé ẹni tó ń kọ́ àti ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ń dupò lórí ẹ̀rọ kan náà.

Owó náà kò ṣàìṣe pàtàkì. Awakọ̀ ń gba owó àfikún nítorí ewu àti ìmọ̀ rẹ̀, ìbéèrè sì ni bóyá ó yẹ kó máa gbà á lọ nígbà tó bá jókòó sídìí tábìlì. Amẹ́ríkà dáhùn rẹ̀ pẹ̀lú òfin ọdún 1974: wọ́n fi ẹnubodè sí ọdún 12 àti ọdún 18 nínú iṣẹ́, ẹni tó bá sì ti fò tó iye oṣù tí òfin bù kó tó dé ibẹ̀ yóò máa gba owó rẹ̀ lọ, bó tilẹ̀ wà lórí ilẹ̀. Láìsí irú ètò bẹ́ẹ̀, ọ́físà yóò máa sá fún iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ àti ti ààbò, nítorí pé iṣẹ́ náà ń gé owó oṣù rẹ̀.

Ìlera tún wà. Ojú tó ń bàìbàì, ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ̀yìn tí jìgìjìgì hẹlikọ́pítà ti bà jẹ́: èyíkéyìí nínú wọn lè gba ìyẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀ lọ́sàn-án kan. Iléeṣẹ́ ológun tó bá ti kọ́ ọ ní iṣẹ́ mìíràn tẹ́lẹ̀ kò ní pàdánù rẹ̀.

Lẹ́yìn aṣọ ológun

Ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ọjà iṣẹ́ aráàlú fẹ́ràn àwọn tí kì í fò ju àwọn awakọ̀ lọ, nítorí pé ibi tí wọ́n ti wúlò pọ̀ jù. ASECNA, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1959 tí olú ilé rẹ̀ wà ní Dakar, ló ń bójú tó ìrìnnà òfúrufú Benin àti ti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tó ń sọ Faransé. Olùdarí ìrìnnà òfúrufú, onímọ̀ ojú ọjọ́ àti onímọ̀ ẹ̀rọ rédíò ni ó ń wá, ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, EAMAC, sì wà ní Niamey. Ní Nàìjíríà, ilé ẹ̀kọ́ Zaria ń kọ́ àwọn awakọ̀ àti mẹkáníìkì láti ọdún 1964. Àwọn iléeṣẹ́ bíi Bristow àti Caverton ń fi hẹlikọ́pítà kó òṣìṣẹ́ lọ sí ibùdó epo tó wà lójú òkun, iṣẹ́ tó jọ ti ojú omi jù lọ: dẹ́ẹ̀kì kékeré, omi ní gbogbo àyíká, panápaná tó dúró ní ìmúrasílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé ológun kì í ṣe ìwé aráàlú. Mẹkáníìkì tó ti fi ọdún 20 tún A109 ṣe yóò tún jókòó fún ìdánwò àjọ ìrìnnà òfúrufú kó tó lè fọwọ́ sí ìwé bàálù kan ṣoṣo, wọn yóò sì béèrè àkọsílẹ̀ gbogbo iṣẹ́ tó ti ṣe. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó gbọ́n nínú wọn fi ń kọ ìwé iṣẹ́ tiwọn láti ọjọ́ àkọ́kọ́, tí wọ́n sì ń ní kí ọ̀gá fọwọ́ sí i kó tó lọ sí ibùdó mìíràn.